Ǹjẹ́ Sàró Ronú Pìwà Dà Bí?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù March, ọdún 2024, ni apá kejì eré Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan ṣe, jáde lórí Netflix gẹ́gẹ́ bí eré onípele-ń-pele. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹwòran ti ń ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan: ǹjẹ́ Sàró, ọkùnrin tí a kórìíra ìwà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú apá kìíní, yí padà ní tòótọ́, àbí òǹkọ̀wé ni ó kàn pààrọ̀ aṣọ fún un? Ní agbègbè Lẹ́kì àti Ajah ní ìpínlẹ̀ Èkó, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ akérò láti Jakande dé Sangotedo, mo gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onídìrí, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí wọ́n máa múra ìdánwò. Ohun tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lé lórí tó bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré lásán. Ó tọ́ kí a fi ojú lámèyítọ́ wò ó.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá tíì wo eré náà, báyìí ni ìtàn rẹ̀ lọ. Ahunṣọ ni Sàró, ó wọ ìlú Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ láti wá oríire. Òun àti Arọ́lákẹ́, ọ̀dọ́ láàárín àwọn ayaba Aláàfin, wá di olólùfẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àṣírí tú, wọ́n lu Sàró pa, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ sọ sínú igbó. Ẹyẹ àkàlàmàgbò sọ̀kalẹ̀, ó fi agbára inú àdó tí ó gbé wá jí i dìde. Arọ́lákẹ́ tí ó ń wò wọ́n ni ó lé ẹyẹ náà tí ó sì gba àdó náà. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí jí òkú, tí a sì ń pè é ní Aníkúlápó. Ó di ọlọ́rọ̀, ó kó ìyàwó jọ, ó sì gbàgbé pé láti ọwọ́ obìnrin ni àdó náà ti bọ́ sí ọwọ́ òun. Nígbà tí ọmọkùnrin ọba kú, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún òun kí òun tó jí i. Ṣùgbọ́n Arọ́lákẹ́ ti sọ àdó náà di òfìfo kí ó tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Agbára kọ̀, ìtìjú dé, òpin Sàró sì dé pẹ̀lú.

Nínú apá kejì, Sàró kò rí ọ̀run wọ̀. A dá a padà sí ayé kí ó wá gba ẹ̀mí àwọn tí ó ti jí dìde, nítorí pé ó ti da ètò ayé òun ọ̀run rú. Ibí yìí ni ìjà àwọn òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń gbèjà Sàró ní ọ̀rọ̀ tí ó nípọn lẹ́nu. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an ni pé ó gba òkú lọ́wọ́ ikú. Bí ó bá sì ń dá wọn padà báyìí, kí ni a tún ń fẹ́? Wọ́n ní ahunṣọ mọ̀ pé bí òwú bá ti ṣì láàárín aṣọ, a kì í fi ìṣẹ́tí tí ó dára bò ó mọ́lẹ̀. A ó tú u padà dé ibi tí àṣìṣe gbé wà ni. Iṣẹ́ títú yìí ni wọ́n ní Sàró ń ṣe. Wọ́n tún ní ikú tí ó ti kú, àti ẹnu ọ̀nà ọ̀run tí a ti lé e padà, tó láti tún ọkàn ẹnikẹ́ni ṣe. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní tì í sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì wà tí kò dáhùn.

Èkíní ni pé, ta ni ó rán an? Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún irú àyípadà yìí, ìrònúpìwàdà, ti túmọ̀ ara rẹ̀: a ó ronú, a ó sì pa ìwà dà. Ìrònú ni ó ṣíwájú. Bí ìṣe ẹnìkan bá yí padà láìjẹ́ pé ó ronú, ẹ̀rù ni ó bà á, tàbí kí ó jẹ́ pé agbára ni kò sí mọ́. A kì í pe olè tí a dè mọ́gi ní ẹni tí ó ti fi olè jíjà sílẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni a ti dá Sàró padà. Iṣẹ́ tí ó ń jẹ́, iṣẹ́ tí a rán an ni. Èrè tí ó ń retí, ìsinmi tirẹ̀ ni. Bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún un ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ kàn án, ta ni ó lè búra pé ì bá bojú wẹ̀yìn wo àwọn tí ó fi sílẹ̀? Mo gbà pé iṣẹ́ jíjẹ́ lè kọ́ ènìyàn ní ìwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a fi ipá mú bẹ̀rẹ̀ ohun rere, tí wọ́n sì fi ìfẹ́ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí yẹn ni òǹwòran jókòó láti rí, ẹni tí ó bá sì fò ó kọjá ti fo eré gan-an kọjá.

Orúkọ tí a fún eré náà ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Aníkúlápó ni ẹni tí ó ní ikú ní àpò, tí ikú kò sì lè ṣe ohun kan sí. Orúkọ akọni ni. Òun ni Fẹlá fi rọ́pò Ransome nínú orúkọ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Nínú apá kìíní, ìyè ni Sàró ní ní àpò, ìyè àyálò. Nínú apá kejì, ikú wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́, ó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ni ín mọ́. Ikú ni ó ní Sàró lápò. Mo gbóríyìn fún àwọn tí ó ronú kan èyí, nítorí ó jinlẹ̀ ju ohun tí a sábà ń rí nínú eré orí ẹ̀rọ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì jẹ́ kí ó ṣòro láti pe Sàró ní ẹni tí ó yí padà, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú àpò ẹlòmíràn kò ní ìfẹ́-inú tirẹ̀ tí a ó fi yìn ín.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù: ta ni ó ń san gbèsè náà? Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Sàró jẹ àjẹìwẹ̀yìn; igbá rẹ̀ dà? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú, tí a jí i dìde fún un, tí ó sì ti fi ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà padà nínú ilé. Òun ni yóò tún sọkún lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe òun ni ó gba àdó lọ́wọ́ ẹyẹ. Kì í ṣe ọmọ náà ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jí òun. Ọrọ̀ tí Sàró gbà lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ àti ọlá tí ó tipasẹ̀ wọn jẹ, àwọn wọ̀nyí kọ́ ni a rán an láti dá padà. Òwú tí ahunṣọ yìí ń tú, ẹ̀mí ènìyàn ni. Ẹni tí ó bá fi owó aládùúgbò san gbèsè ara rẹ̀ ti san án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ òmíràn. Arọ́lákẹ́ ńkọ́? Òun ni Sàró já kulẹ̀ jù lọ. Bí ìrònúpìwàdà kan bá wà, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ti ọ̀run. Ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé. Ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Irú àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní 1963, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ní 1964 ó gbé e dé Berlin. Ṣàngó inú eré náà lágbára ju Sàró lọ, ó sì ṣi agbára náà lò gẹ́gẹ́ bí ọba. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó dá Gbọ̀nkáà sí i, ó sì fi àwọn akọni méjì náà kọlu ara wọn. Nígbà tí ohun gbogbo dojú rú, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó jáde kúrò láàrin wọn, ó sì fi ara rẹ̀ san án. Lẹ́yìn èyí ni igbe ta pé ọba kò so. Ẹ kíyè sí i pé àríyànjiyàn wà nínú orúkọ eré náà fúnra rẹ̀, nítorí a kì í kígbe pé ọba kò so bí kò bá sí ẹni tí ń sọ pé ó so. Ṣùgbọ́n Ládiípọ̀ jẹ́ kí a rí ohun tí ó ná Ṣàngó kí a tó gbọ́ ìyìn rẹ̀. Ìyà ṣíwájú, oríkì tẹ̀lé e. Bóyá èyí wà lára ohun tí ó mú kí orúkọ Ṣàngó má parẹ́ lẹ́nu wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá wọkọ̀ kọjá Ajah yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọkọ̀ tí ń pe Sangotedo.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Loki, àbúrò Thor alára, tí Marvel sọ di ọ̀dájú nínú àwọn fíìmù akọni wọn, ní eré tirẹ̀ lórí Disney+ ní oṣù June 2021. Ní ìpele kìíní pàápàá, a fi àwòrán ìgbésí ayé rẹ̀ hàn án: ikú ìyá rẹ̀, àti òpin tirẹ̀. Ó sọkún, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Àwọn òǹwòran kan ní ó yá jù, pé ẹni tí ó ti ba ìlú jẹ́ kò lè di ẹni rere nítorí pé ó jókòó wo àwòrán fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá kejì parí ní oṣù November 2023, Loki kó àwọn fọ́nrán ìgbà jọ sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó ní òun nìkan kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè yè, láìní ìrètí pé yóò tún bá wọn jẹun. Igbá rẹ̀ ni ó rù. Ẹkún tí ó ti dàbí ẹ̀tàn ní 2021 wá ní ìdí ní 2023.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni eré fi kan ìgbé ayé, n óò ní kí ó wá sí Ajah. Ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Lẹ́kì dé Ẹ̀pẹ́, ẹjọ́ ilẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ènìyàn. Àwọn kan ti san owó ilẹ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn ajagungbalẹ̀ sì ti wó ògiri àwọn mìíràn. Ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ààbò ohun-ìní ní 2016, tí fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ sì di ohun tí a lè torí rẹ̀ ju ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí kì í bèèrè bóyá ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ ti ń sọkún báyìí. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bèèrè. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wo Sàró tí ó sì ní kò tíì tó, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le. Ó ti mọ̀ pé ewu ìyípadà òjijì ni pé omijé ẹni tí ó ṣẹni a máa gba àyè tí omijé ẹni tí a ṣẹ̀ yẹ kí ó wà. A ó máa kí ọ̀dájú kú oríire pé ó yí padà, ẹni tí ó pa lára yóò sì ti kúrò nínú ìtàn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kì í dárí jini. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni òwe náà ní, ọ̀tún ni ó sì kọ́kọ́ dárúkọ.

Nítorí náà, ní ojú tèmi, Sàró kò tíì ronú pìwà dà. Iṣẹ́ ni ó ṣì ń jẹ́. Èyí kò ba ẹwà eré náà jẹ́. Ó wúlò púpọ̀ pé a tún ní akọni tí ó ń sọ Yorùbá, tí àwọn ọmọ wa ń fi ìtara jiyàn nípa ìwà rẹ̀ bí wọ́n ti ń jiyàn nípa ti àwọn akọni Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé tí yóò tún gbé irú ìtàn yìí kalẹ̀ má ṣe kánjú. Kí ó jẹ́ kí ẹni náà kan ilẹ̀kùn ìyá tí mo mẹ́nu kàn lókè yìí, kí ó sọ ohun tí ó wá gbà fún un lójúkojú, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni bojú. Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́, kí ó jẹ́ kí ìyá náà fèsì. Ìgbà tí a bá gbọ́ èsì ìyá náà ni a ó tó mọ bí a ó ti dá ẹjọ́ Sàró.