“Bomi Là Á”: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn kan wò: “Bomi la ásíìdì náà.” Gírámà rẹ̀ yè kooro. Ewu wà nínú rẹ̀ ṣá.

“Bù” àti “omi” ló di “bomi.” Ohun tí gbólóhùn náà ń pàṣẹ ni pé ká bu omi sínú ásíìdì. Tó bá jẹ́ ògì tó ki ni, kò burú. Ásíìdì sulphuric kì í ṣe ògì o! Lítà kan rẹ̀ wúwo tó kílò 1.84, ti omi ò ju kílò 1 lọ. Omi tí ẹ dà sí i á léfòó, ooru á mú un hó lójijì, á sì ta ásíìdì síni lójú. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Rọra da ásíìdì sínú omi, díẹ̀díẹ̀.”

“Pa” náà ńkọ́? Wọ́n ní álíkálì ń pa ásíìdì. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì á di iyọ̀ àti omi, ṣùgbọ́n ooru á jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí “pa” bu omi eérú sára tí ásíìdì jó, ó dá kún ọgbẹ́ ni. Omi tó mọ́, tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, ẹ ka ìtọ́ni yín fún ẹni tí kò rí ásíìdì rí, kí ẹ bi í pé: èwo lo máa kọ́kọ́ dà?