Àwọn Tó Mọ Wáyà Bátìrì Í So

Gbogbo èèyàn ló ń wo eré tí ọkọ̀ ojú omi kékeré, èyí tí a ń fi rìmóòtù darí, ń sá. Inú rẹ̀ lèmi máa ń yẹ̀ wò, níbi tí wọ́n so bátìrì sí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà.

Ẹ mú bátìrì lithium polymer méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 7.4. Bí ẹ bá so wáyà pupa ọ̀kan mọ́ dúdú èkejì, fóòtì á di 14.8. Bí pupa bá bá pupa, tí dúdú bá bá dúdú, fóòtì kò ní yí padà, ṣùgbọ́n iná á pẹ́ kó tó tán. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í so ó báyìí láìfi mítà wò ó pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á ya wọ èyí tó kéré, á sì gbóná.

Sùúrù àwọn tó mọṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó wáyà ló wù mí jù. Ẹyọ kan ni wọ́n ń gé. Wọ́n á fi òjé jó o, wọ́n á fi rọ́bà bò ó dáadáa, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì, torí bí irin bá kan méjèèjì pọ̀, iná á ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wáyà ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni wọ́n ń jẹ́ kó kúrú; bí ó bá gùn jù, kapásítọ̀ inú ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra mítà, kí ẹ sì máa yọ bátìrì kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀.