Bọ́tà Gígún ní Ireland: Ẹ̀rù àti Làálàá

Láàárín ọdún 1937 sí 1939, àwọn ọmọ nǹkan bí 5,000 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní apá Ireland tí ó ti kúrò lábẹ́ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù, kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú orí ọ̀rọ̀ tí a fún wọn ni bí a ti ń gún ọ̀rá wàrà nínú àgbá títí yóò fi di bọ́tà, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní òrí-àmọ́.

Èèwọ̀ ni ó fani mọ́ra jù nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. Àlejò tí ó bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ súre, kí ó sì gba ọ̀pá gún un díẹ̀, kí a má baà rò pé ó fẹ́ kó oríire bọ́tà lọ. A kì í jẹ́ kí iná jáde kúrò nínú ilé nígbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ń bẹ̀rù obìnrin tí ó lè fi ìrì pápá jí bọ́tà ọdún náà. Wọ́n ní irú wọn a máa di ehoro láti fa wàrà màlúù mu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Owó bọ́tà ni tálákà fi ń san owó ilẹ̀. Bí ọ̀rá wàrà bá tutù jù tàbí tí ó gbóná jù, bọ́tà kì í dì dáadáa. Àgbẹ̀ kò rí ìyẹn, aládùúgbò ni ó rí. “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?” Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà. Àbùkù àkójọ náà nìyí: ojú ẹni tí ó pàdánù bọ́tà ni ó fi ń wo ọ̀rọ̀.

Seamus Heaney, ọmọ ìhà àríwá tí àkójọ yẹn kò dé, gba ọ̀nà mìíràn nínú ewì rẹ̀ “Churning Day”, tí ó wà nínú Death of a Naturalist (1966). Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ehoro. Ìyá ni ó kọ́kọ́ di ọ̀pá mú. Apá ń ro wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ lé ròrò, òórùn kíkan sì gba ilé kan. Sùúrù ni ó sọ wàrà di bọ́tà, kì í ṣe ètùtù. Ewì náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a mọ ìdí tí àyà fi ń já àwọn ará oko.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìgbésí ayé wọn han ọmọ ilé-ìwé, kí ó ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rù wà nínú èkíní, làálàá wà nínú èkejì. Kí ó sì bi wọ́n pé: níbo ni obìnrin tí a fi ẹ̀sùn kàn gbé ti sọ tirẹ̀?