Ọ̀rọ̀ Ọdẹ Lẹ́nu Ayàwòrán

Ní òde ìnáwó ní Ìyìn-Èkìtì, ìpè kan náà ni fọ́tógíráfà ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́: "Ẹ wá sínáàpù wa!" Ìyá ọkọ ń pè é, àwọn aláṣọ ẹbí ń pè é, àwọn ọmọdé tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ náà ń pè é.

Ọdẹ ló ni ọ̀rọ̀ "sínáàpù" yẹn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹyẹ bá ṣàdédé fò fìrì, tí ọdẹ ò ráyè fojú sun ún, tó kàn yìnbọn lù ú wéré, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní snap shot. Peter Hawker, ọmọ ogun tó fẹ́ràn ọdẹ ẹyẹ, ti lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní 1808, nígbà tí kò tíì sí fọ́tò láyé. Ní 1860 ni John Herschel yá a lò fún kámẹ́rà. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni Herschel. Òun náà ló gbé ọ̀rọ̀ photography síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1839. Ohun tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ni fọ́tò tí wọ́n á lè yà láàárín ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó ń pa òǹkọ̀wé yìí, tí iṣẹ́ kámẹ́rà ń bọ́, lẹ́rìn-ín ni pé kò sí wàdùwàdù kankan nínú sínáàpù tiwa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ya bàbá àgbà. Àga ló kọ́kọ́ ń dé. Bàbá á jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Fọ́tógíráfà á tẹ́ agbádá kó bo apá àga, á fi ìka méjì tún etí fìlà ṣe, á ní kí Bàbá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó di ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tò kó tó tẹ̀ ẹ́.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa ìjókòó yìí ní 1978. Ó tún kọ nípa fọ́tò ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tẹ méjèèjì sórí pépà kan bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Ta ló máa pe ìyẹn ní ìbọn wéré?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, ká má purọ́. Láyé ìgbà fíìmù, fíìmù 120 tí wọ́n máa ń kì bọ kámẹ́rà Yashica ò ju fọ́tò méjìlá lọ. Ẹni tó bá ṣẹ́jú ti ba ọ̀kan jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi tí wọ́n bá fọ fíìmù tán. Lónìí, fóònù á ti ya ọgọ́rùn-ún kí ìrẹsì tó délẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ bá yọ fóònù sí ìyá rẹ̀ lójijì ní Ìyìn, ìyá á fọwọ́ bojú: "Dúró ná, jẹ́ n wé gèlè." Ìgbà tó bá wé e tán ni ọmọ á tó sínáàpù rẹ̀.