Coker ti Agége nínú Ìwé Webster

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ Yorùbá ṣe fi ọwọ́ ara wọn dá ìjọ Kristi sílẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ka The African Churches among the Yoruba, 1888–1922, tí J. B. Webster kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1964. Òkè òkun ni mo ti kọ́kọ́ kà á. Ó yà mí lẹ́nu pé Agége, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ mọ́ búrẹ́dì, ní ipò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìgbàgbọ́.

Jacob Kẹ́hìndé Coker ni akọni ìtàn náà. Ó wà lára àwọn aṣáájú tí wọ́n bínú kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, ní 1901, nítorí bí a ṣe mú James Johnson kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bethel, ìjọ African Church, ṣe bẹ̀rẹ̀. Coker ní oko kòkó ní Ìfàkò, ní ẹ̀bá Agége, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Webster fi hàn dáadáa pé àwọn tí wọ́n ti fi ilé ìjọ àtijọ́ sílẹ̀ rí alábàárò nínú ara wọn, àti pé owó oko ni ó gbé ìjọ tuntun ró.

Ní 1963, ó pe àkọlé àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní The Bible and the Plough. Àwọn aláàánú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ni gbólóhùn yẹn. Ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fi dáko ní Agége; ta ni ó fi màlúù túlẹ̀ níbẹ̀? Àríwísí kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó ń tọ́ka sí ńlá: ojú ẹni tí kò di ọkọ́ mú ni a fi wo oko náà.

Àwọn tí wọ́n di ọkọ́ mú ni àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá láti ìlú òkè. Nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbé irúgbìn kòkó lọ, gẹ́gẹ́ bí A. G. Hopkins ti kọ ní 1978. Ìrètí Coker ni pé kí aláwọ̀ dúdú lè ṣe àkóso ìjọ ara rẹ̀. Ìrètí alágbàṣe ńkọ́? Bí ọ̀gá ọjọ́ Ajé bá di arákùnrin ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣé ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ṣeé sọ láàárín wọn? Ìwé Webster fi ojú ewé púpọ̀ fún ìjà àlùfáà àti ọmọ ìjọ, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí ìbéèrè yìí. Mo mọ ìdí rẹ̀: Coker fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀, alágbàṣe kò fi sílẹ̀. Síbẹ̀ èmi kò gbà pé ẹni tí kò kọ ìwé kò sọ̀rọ̀.

Ilé àti ilé-iṣẹ́ ti bo oko wọ̀nyẹn láti Ìkẹjà dé Agége. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ru kòkó ní Ìfàkò lè wà nínú kíláàsì wa. Kí a bi í léèrè orin tí wọ́n ń kọ lóko, àti èyí tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.