Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ààrò Lórúkọ

Àṣà kan wà láàárín wa tí a kì í kà sí iṣẹ́ ọnà, èyí nì ni pé kí ènìyàn fi ẹ̀fẹ̀ sọ ibi ìdáná ilé ara rẹ̀ lórúkọ bí ẹni pé ilé olóúnjẹ ni. Baálé ilé yóò ti ibi iṣẹ́ dé, yóò béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti ṣí ní Ìyá Bọ́lá lónìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lẹ páálí mọ́ ògiri lókè sítóòfù rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ ńlá kan sí i. A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Lójú tèmi, kò yẹ kí ó parí bẹ́ẹ̀. Ewì kékeré ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò, kí á sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn ilé olóúnjẹ gidi, nítorí lọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀fẹ̀ náà ti wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà "bùkà". Ahéré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwàdà so ó pọ̀ mọ́ kafitéríà àwọn òyìnbó, ó di bùkátéríà, ẹ̀fẹ̀ náà sì ti di ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu gbogbo wa. "Mama Put" ńkọ́? Ẹni tí ń jẹun ni ó na abọ́, tí ó ń bẹ ìyá olóúnjẹ pé kí ó bù sí i. Ẹ̀bẹ̀ náà ni ó di orúkọ. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ilé alámàlà kan wà tí a ń pè ní Amala Skye nítorí báńkì Skye tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ní ọdún 2018, báńkì náà kógbá sílé, Polaris sì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ tí ó kú lára báńkì ṣì wà láàyè lára àmàlà.

Ohun méjì ni a rí kọ́ nínú èyí. Èkínní, ẹnu àwọn tí ń jẹun ni orúkọ tí ó ń pẹ́ ti sábà ń jáde. Èkejì, orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa di ohun kan mú gírígírí: ibì kan, ìṣe kan, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí mo ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì sọ ibi ìdáná wọn lórúkọ. Ọ̀kan kọ "Buckingham Palace" sí ara ògiri. Ìkòkò kan àti síbí méjì ni gbogbo ohun tí ó ní. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, a rẹ́rìn-ín nítorí bí ààfin ti jìnnà tó sí ìkòkò kan ṣoṣo. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín mọ́. Orúkọ náà kò mọ ẹni tí ń dáná, kò sì mọ ohun tí ó ń sè. Bí a bá gbé e lọ sí yàrá mìíràn, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Sítóòfù èkejì lọ́ra púpọ̀. Bí a bá bi í pé oúnjẹ ńkọ́, èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Ó kù díẹ̀." Àwa tí à ń dúró ni a sọ ibẹ̀ ní Ó-Kù-Díẹ̀. Orúkọ yìí dára. Ó ń sọ pé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ó sì tún ń sọ pé ó kù díẹ̀ káà tó, nítorí nígbà tí oúnjẹ náà bá dé tán, kì í tó wa. Àlejò a gbọ́ ìlérí, àwa onílé a gbọ́ ìkìlọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀ ni ti ìyá mi. Èédú ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri ibi ìdáná nígbà tí mo wà ní kékeré: JẸUN-DÌDE. Inú wa dùn sí i. A rò pé oríkì oúnjẹ wọn ni, pé ẹni tí ebi ti dá dùbúlẹ̀ yóò jẹun, yóò sì dìde. Bàbá mi pàápàá a máa fi orúkọ náà yangàn fún àlejò. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. A ó jẹun, a ó dìde, abọ́ yóò wà nílẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ ajá lórúkọ kí aládùúgbò lè gbọ́: ajá ni a ń pè, ènìyàn ni a ń bá wí. Ohun tí ìyá mi ṣe gan-an nìyẹn, ojoojúmọ́ ni a sì ń fi ẹnu ara wa ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wá.

Ẹnì kan lè sọ pé eré lásán ni, kí n má fi àríwísí ba eré jẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí eré yìí ti wúwo ni pé nílé olóúnjẹ, a ń sanwó kí á tó lọ. Nílé ara wa, àwìn ni gbogbo wa ń jẹ. Bí a bá sọ ilé ìdáná di ilé olóúnjẹ, a ti mú ọ̀rọ̀ owó wọlé, bí a fẹ́, bí a kọ̀. Orúkọ tí kò mọ èyí, bí ti ààfin nì, a máa tètè ṣá. Èyí tí ó mọ̀ ọ́n a máa pẹ́ lára ògiri.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi kẹ́yìn, mo jẹun, mo dìde, mo kó abọ́, mo sì fọ̀ wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ó tó àkókò kí àwọn pààrọ̀ orúkọ ilé oúnjẹ àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe pa á rẹ́. Àwọn àbúrò mi ṣì wà ní yàrá, wọ́n ti jẹun tán, wọ́n sì ti dìde.