Ìtàn Onítàn: Àfikún Ni tàbí Àwòkọ?

Ǹjẹ́ olè ni ẹni tí ó mú ìtàn onítàn tẹ̀síwájú bí? Àlọ́ Ìjàpá ti dáhùn: olúkúlùkù apàlọ́ ní ń fi tirẹ̀ kún un. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò bá kọ àfikún sí eré onísáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n, báwo ni kí olùkọ́ ṣe dá a lẹ́jọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo Doctor Who, tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró ní 1989, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń kọ ìtàn náà lọ. Russell T Davies kọ ìwé kan kún un ní 1996. Òun náà ni ó jí eré ọ̀hún dìde ní 2005. Ní 2025, Inua Ellams, ọmọ tí a bí ní Jos, kọ “The Story & the Engine”. Ó gbé Doctor wá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó, níbi tí ìtàn ẹnu àwọn oníbàárà ti di epo ẹ̀rọ.

Ní ti ìfìwàwẹ̀dá, Doctor kò yí padà: ọgbọ́n ni ó fi ṣẹ́gun, kì í ṣe ìbọn. Ní ti ibùdó ìtàn, Èkó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìtàn pípa nídìí irun gígẹ̀ ni ó gbé àhunpọ̀ ìtàn ró. Àléébù rẹ̀ ni pé Anansi, aláǹtakùn àwọn Akan, ni ó gba iwájú níbi tí a ti ń retí Ìjàpá.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó kọ “àwòkọ” sí iṣẹ́ ọmọ, kí ó bi í pé: bí a bá yọ Ìkọ̀tún kúrò nínú ìtàn yìí, ǹjẹ́ ohunkóhun yóò bàjẹ́? Bí yóò bá bàjẹ́, ọmọ náà ti fi òwú olówùú hun aṣọ ara rẹ̀.